Àkànní, má ta kẹ̀kẹ́ yẹn

Sheffield,
Oṣù Karùn-ún.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé o ti ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á pé Old Kent Road ní London ni o ti ń gùn ún, tí bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè mọ́ ọ lẹ́yìn, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń fẹ́ gbá ọ lápá, tí o wá ń ronú àtità rẹ̀, mo ní ọ̀sẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ parí kí n tó fèsì. Jọ̀ọ́, má tà á. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ló burú, ojú ọ̀nà ni.

O bi mí bóyá apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín sàn jù. Ó sàn jù gan-an. Bí o bá kúrò ní àárín Sheffield tí o kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò ní pẹ́ tí ilé yóò fi tán tí òkè yóò sì bẹ̀rẹ̀. Peak District ni wọ́n ń pè é. Òun ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọgbà orílẹ̀-èdè ní gbogbo Bìrìtìkó, ní 1951. Ní apá gúúsù, òkúta ẹfun ni ilẹ̀ náà, pẹ̀lú àfonífojì tóóró àti ògiri òkúta tí wọ́n tò láìfi sìmẹ́ǹtì kàn án. Ní apá àríwá, ilẹ̀ dúdú ni, koríko àti igbó kúkúrú ló bò ó, atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

N kò ní tàn ọ́ pé ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, èrò a máa ya débẹ̀ láti ìlú ńlá gbogbo tó yí i ká. Àmọ́ ojú ọ̀nà díẹ̀ ni wọ́n ń gbà: Snake Pass, A6, àti ọ̀nà Cat and Fiddle láti Buxton sí Macclesfield. Ọ̀nà tí yóò tètè gbé e dé ni ọlọ́kọ̀ ń wá. Èyí tí kò bá lè gbé e dé ibì kan kíákíá, yóò fi sílẹ̀ fún àgùntàn àti fún wa. Ohun tí èmi ń wá nìyẹn nígbàkígbà tí mo bá ṣí máàpù: ọ̀nà tí kò wúlò fún ọlọ́kọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ilẹ̀ yẹ̀ lórí Snake Pass lẹ́yìn ìjì, wọ́n sì ti ọ̀nà náà mọ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kíá ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ya bo ibẹ̀, títí ìjọba ìbílẹ̀ fi ní kí àwọn náà má gbà á mọ́. Òǹgbẹ ọ̀nà tó dákẹ́ ń gbẹ àwọn èèyàn, Àkànní, kì í ṣe ìwọ nìkan.

O ní ẹ̀rù òkè ń bà ọ́. Ìdí nìyẹn tí n óò fi kọ́kọ́ mú ọ lọ sí Manifold Way, ní ẹ̀bá Staffordshire. Láti Hulme End dé Waterhouses, nǹkan bí máìlì 8 ni. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré kan ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣí i ní 1904, ó ń kó wàrà àwọn àgbẹ̀, ó ń kó àwọn tó wá gbafẹ́. Owó tó ń wọlé kò tó nǹkan, wọ́n bá pa á tì ní 1934. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì ṣí ojú ọ̀nà náà fún gbogbo èèyàn ní 1937. Ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, èyí sì ṣe pàtàkì fún irú kẹ̀kẹ́ tí o rà, nítorí táyà rẹ̀ tínínrín.

Ọkọ̀ ojú irin kì í lè pọ́n òkè tó bá ga jù. Àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ní láti máa bá odò rìn, kí wọ́n gé òkúta níbi tó yọ gọnbu, kí wọ́n mọ afárá níbi tó jìn kòtò. Gbogbo làálàá yẹn, àwa ló ń jẹ èrè rẹ̀ lónìí. Òkè á ga lọ́tùn-ún, á ga lósì, ìwọ á sì máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ lọ ní pẹ̀lẹ́tù láàrin wọn. Wàá rí ihò ńlá kan lókè ní ẹ̀gbẹ́ àpáta, Thor's Cave lorúkọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni odò Manifold fúnra rẹ̀: bí òjò bá ti dá fún ìgbà díẹ̀, omi rẹ̀ a wọlẹ̀ ní agbègbè Wetton Mill. Òkúta ẹfun náà ní ihò nínú, abẹ́ ilẹ̀ ni omi náà ń gbà títí yóò fi tún yọ ní Ilam. O lè máa gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá odò tí kò ní ẹ̀kán omi kan. Ṣùgbọ́n rántí pé láti ihò abẹ́ òkè ní Swainsley dé Wetton Mill, nǹkan bíi máìlì kan àbọ̀, ọkọ̀ láṣẹ láti gba ibẹ̀. Tan iná kẹ̀kẹ́ rẹ kí o tó wọ inú ihò náà.

Àwọn ọ̀nà ojú irin mìíràn wà. Monsal Trail ni gbogbo èèyàn mọ̀, láti Bakewell lọ sí apá Buxton, máìlì 8 àbọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ mọ́ láti 1968, wọ́n sì ṣí àwọn ihò abẹ́ òkè rẹ̀ fún wa ní 2011. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ òkúta lílọ̀ ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, bó bá sì di ọjọ́ Sunday, ọmọdé àti ajá á kún ibẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí o lọ. High Peak Trail ní tirẹ̀ kò rọ̀ bí o ti rò, nítorí láyé ọdún 1830 tí wọ́n ń la ọ̀nà náà, ńṣe ni wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan fa ọkọ̀ gun òkè. Ẹ́ńjìnnì Middleton Top ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Níbi ìdagẹ̀rẹ́ wọ̀nyẹn, sọ̀kalẹ̀, kí o fẹsẹ̀ rìn.

Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti mọ́ ọn lára, a óò lọ sí àfonífojì Upper Derwent. Ọkọ̀ ojú irin láti Sheffield yóò já wa sí Bamford. Láti ibẹ̀ lọ sí Fairholmes, a óò bá ọkọ̀ pín ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà a ní láti tètè jí. Ṣùgbọ́n láti Fairholmes lọ sókè dé King's Tree, wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò ẹni tó wá gbafẹ́ wọ ọ̀nà yẹn ní òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Títì ọlọ́dà gidi, láàrin igi, omi lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì sí ariwo kankan! Ìdídò mẹ́ta ló wà ní àfonífojì yẹn: Howden, Derwent àti Ladybower. Orí Derwent ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ti fi ọkọ̀ wọn fò ní ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ fọ́ ìdídò àwọn ará Jámánì ní 1943. Nígbà tí wọ́n kọ́ Ladybower, omi bo abúlé méjì, Ashopton àti Derwent. Wọ́n tú afárá òkúta ìgbàanì tó wà ní abúlé Derwent kí omi tó dé, wọ́n sì tún un tò sí Slippery Stones, ní òkè King's Tree. Bí ọ̀dá bá mú gan-an, bí ó ti rí ní 2018 àti 2022, àlàpà abúlé náà a máa yọjú. Mo máa ń dúró pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò nílé bàbá wọn kí ìlú ńlá lè rí omi mu, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à á kàn gun kẹ̀kẹ́ kọjá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí náà kọ́ bí a ṣe ń ka máàpù Ordnance Survey. OL24 ni ti apá gúúsù, OL1 ni ti apá àríwá. Wàá rí àmì ọfà lójú àwọn ọ̀nà mìíràn: ọfà kan, òkè náà le; ọfà méjì, ó kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, àyà á já. Winnats Pass wà lára wọn. Ní 1979 wọ́n pa títì ńlá tó wà lábẹ́ Mam Tor tì nítorí pé òkè náà kò yé yẹ̀, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń rọ́ gba Winnats. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé dandan ni kí o gùn ún. Òkè tó ní ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ kò ní adùn. Èmi nífẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀nà kéékèèké Bradfield ju ibẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà le. Tour de France gba ibẹ̀ kọjá ní 2014. Kìkì kí o ṣọ́ra ní kọ́nà, nítorí ògiri òkúta kì í jẹ́ kí a tètè rí katakata tó ń bọ̀. Bí o bá rí ẹlẹ́ṣin, dẹ ìrìn rẹ, kí o sì kí i kí o tó kọjá.

O tún bi mí bóyá wọn kò ní máa wò wá bí àlejò. Òótọ́ ni pé àwa aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ ní Peak District. Ṣùgbọ́n gba èyí rò: ní 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield fi agídí gun òkè Kinder Scout tó wà níbẹ̀, nítorí àwọn onílẹ̀ kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Márùn-ún nínú wọn lọ sẹ́wọ̀n. Mẹ̀kúnnù ló jà fún ilẹ̀ yẹn, àwa tí a ń ṣiṣẹ́ tí a ń san owó orí nílẹ̀ yìí sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí a bá ṣe ń lọ tó ni ojú àwọn èèyàn yóò ṣe mọ́ wa tó.

Nítorí náà, mú ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà. Gba àyè fún kẹ̀kẹ́ rẹ ṣáájú kí o tó wọ ọkọ̀ ní St Pancras, ó pọn dandan. Jẹ́ kí wọ́n yẹ bíréèkì rẹ wò, kí o sì mú tíúbù kan dání, nítorí fọ́kánáísà kò sí lójú ọ̀nà yẹn. Ibùsùn wà, oúnjẹ wà. Kọ̀wé ọjọ́ tí o bá mú sí mi kí oṣù yìí tó parí.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjàní.