Ṣé "Kọ́-kọ́" Ni, àbí "Gbì"?

Láti oṣù kẹta ọdún yìí ni Corolla bàbá mi ti ń fà sí ọ̀tún. Ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń gbé èrò láti Ìkòtún lọ sí Ẹgbẹ́dá, òun náà ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Bí wọ́n bá jọ̀wọ́ sitíárìn díẹ̀, ọkọ̀ á dorí kọ gọ́tà. Táyà iwájú lápá ọ̀tún ti jẹ nínú, ó dán bí orí apárí, bẹ́ẹ̀ ìhà ìta rẹ̀ ṣì dà bí tuntun.

Bàbá mi ní nǹkan tún ń dún lábẹ́ ọkọ̀, pé bí àwọn bá ti kó sí gálọ́ọ̀pù, á máa ní "kọ́-kọ́-kọ́". Èmi ọmọ yunifásítì ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Mo ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé táyà tó bá ń jẹ lápá kan, alaimẹ́ǹtì ni. Èmi ni mo bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ, a san ₦10,000. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A padà lọ, a tún sanwó.

Lẹ́ẹ̀kẹta, a lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan ní Ìgándò. Mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá náà ò wò mí. Bàbá mi ni wọ́n bi léèrè.

"Alàgbà, báwo ló ṣe ń dún? Ṣé kọ́-kọ́ ni, àbí gbì?"

"Kọ́-kọ́ ni, ọ̀gá. Bí ìgbà tí irin ń lu irin."

"Nínú gálọ́ọ̀pù nìkan ni, àbí tẹ́ ẹ bá ń yí sitíárìn náà?"

"Méjèèjì ni."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ ohun tí bàbá yẹn ń ṣe. Ìró méjì ni wọ́n gbé síra wọn láti fi wá ìtumọ̀ méjì. Wọ́n ní "gbì" sábà máa ń jẹ́ ṣọ́ọ̀kì tó ti kú tàbí búṣìn tó ti jẹ; "kọ́-kọ́" ni irin tó ti tú lára irin.

Wọ́n fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n mì ín. Ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Wọ́n ní ká ní ọ̀tún àti òsì nìkan ló ti ń mì ni, táì rọ́ọ̀dù làwọn ì bá kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n wá ki irin gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sókè, gbogbo wa sì rí i: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ.

"Alaimẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ṣe ò burú," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́lé sórí òpó tó ń mì? Tí eléyìí bá já lórí eré, táyà á ká sábẹ́ ọkọ̀."

Mo rántí àwọn èrò tó ń jókòó lẹ́yìn bàbá mi láràárọ̀. Ẹnu mi wọlẹ̀.

Wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Wọ́n tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ láti yẹ ṣọ́ọ̀kì wò. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́. A ra táyà mìíràn. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n tó ní ká lọ ṣe alaimẹ́ǹtì. Ọkọ̀ ò fà mọ́.

Láti ọdún àkọ́kọ́ làwọn olùkọ́ wa ti ń sọ ọ́ pé ká gbọ́ ẹni tó ni èdè tán ká tó túmọ̀. Bàbá mi ti fún mi ní ìdáhùn lọ́jọ́ kìn-ín-ní, nínú sílébù kan tó ń tún ara rẹ̀ sọ. Èmi ni mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi.

Bá a ṣe ń padà bọ̀ sí Ìkòtún, a kó sí gálọ́ọ̀pù kan. Bàbá mi wojú mi.

"O gbọ́ nǹkan?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ tẹ́tí kí n tó dáhùn.

"Rárá, sà."