Etí Ọ̀sà Ni Mo Yàn

Bí àwa ọmọ Yorùbá tí a ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù bá ti pàdé lóde ìnáwó, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì fi ń wọlé. Orúnkún ló sábà máa ń fà á. Ẹnì kan á ní òtútù ti wọ òun léegun, ẹlòmíì á ní òun ń wá ilẹ̀ sí etí òkun nílé, níbi tí oòrùn á ti máa ra òun lára. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, orúnkún tèmi náà kò dákẹ́. Èmi àti ọkọ mi ti gbà pé etí omi la ó lọ. Etí omi wo? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí àwọn tó ń polówó ilẹ̀ kì í fẹnu kàn án. Ẹni tó bá fi ọdún 35 san National Insurance ló ń gba owó ìfẹ̀yìntì tuntun ti ìjọba Bìrìtìkó ní pípé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó ọdún 10 kì í sábà rí nǹkan kan gbà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi kún owó yìí fún ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá kó lọ sí Nàìjíríà, iye tó wà lọ́jọ́ tí o lọ ni yóò dúró sí títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ará Jàmáíkà tàbí Barbados tí a jọ ń gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, tó bá padà sílé tirẹ̀, wọn á máa fi kún tirẹ̀, torí pé àdéhùn wà láàárín orílẹ̀-èdè wọn àti Bìrìtìkó. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní náírà ti já wálẹ̀, pé pọ́n-ùn tó dúró sójú kan ṣì ń di owó ńlá. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn l'Ékòó.

Ọkọ mi fẹ́ Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí. Àwòrán ló ń wò lórí fóònù: ilé funfun, igi àgbọn, òkun lẹ́yìnkùlé. Mo rán an létí pé èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023 wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà níbẹ̀, ọ̀nà etíkun tó ń lọ sí Kàlàbá náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ni ìyẹn dára fún. Àgbàlagbà tó fẹ́ sùn lọ́sàn-án kò níṣẹ́ láàárín tírélà.

Èyí tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni òkun fúnra rẹ̀. Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó to òkúta wọnú omi lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé. Òkúta yẹn dí iyanrìn lọ́nà. Ó ń gbá jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, Bar Beach tó wà lápá kejì kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Kútọ̀nú ní ilẹ̀ Benin ní àwọn ọdún 1960, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀: òkun ń wó ilé ní apá ìlà oòrùn ìlú náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ Kúrámò ní Victoria Island, ó gbá èèyàn lọ. Kò sí ìwé ilẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí gómìnà fọwọ́ sí, tí òkun kà rí.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni mo máa ń fi bi ọkọ mi. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tẹ ìlú náà dó sí etí òkun gan-an, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń náwó, wọ́n ní iná mànàmáná, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú kò tíì rí nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn tó létò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Síbẹ̀, òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ wọn lọ, kò sì tíì dáwọ́ dúró.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn àgbà kọ́lé sí. Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo: ọ̀sà ni gbogbo wọn wà létí rẹ̀. Ọba Kòsọ́kọ́, nígbà tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, létí ọ̀sà. Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ òkun ju èmi àti ẹ̀yin lọ; wọ́n ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ń bọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n fi ilẹ̀ àti ọ̀sà sí àárín ara wọn àti òkun. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845, ọ̀sà Àgbádárìgì ló kọjú sí, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin wù mí púpọ̀, n kò ní purọ́. Ìlú náà pa rọ́rọ́, ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ṣì wà ládùúgbò, mọ́ṣáláṣí ńlá wọn jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, Yorùbá sì ń dún lọ́jà. Owó sẹ́fà wọn so mọ́ yúrò, kì í já bíi náírà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ta ni yóò bá mi gbé òkú ọkọ mi kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Dókítà ibẹ̀, Faransé ló ń sọ. Mo ti rí aláìsàn tí kò lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀. N kò fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn.

Àgbádárìgì ló kù. Mo mọ àléébù rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó, tí wọ́n ti ń fẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2009, ti sú gbogbo ẹni tó ń gbà á; ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, Mile 2 ló dé. Àwọn ọlọ́pàá àti kọ́sítọ́ọ̀mù ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n má sọ. Èdè Ògù ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò ń sọ, a ó sì ní láti kọ́ ọ níwọ̀nba. Níbi kan tí ajẹ́ńtì ilẹ̀ mú wa lọ, omi kànga níyọ̀, gbogbo irin fèrèsé ilé tó wà nítòsí sì ti dípẹtà. Ọmọkùnrin ajẹ́ńtì ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, omi kì í dé ibí." Mo fi ìlà omi tó wà lára ògiri hàn án. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan tó ń yan ẹja nítòsí ló sọ òtítọ́ fún mi: ó na ọwọ́ sí ibi tí omi òjò ń dé, ó na ọwọ́ sí ibi tí kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Ibi kejì yẹn la fẹ́ rà. Kò kọjú sí òkun. Ilé ìwòsàn ìjọba kò jìnnà síbẹ̀, ọjà náà kò sì jìnnà. Tí ìgbì bá wu ọkọ mi í gbọ́, kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu lọ́jọ́ Sátidé, kí ó padà wá jẹun alẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ sí etí omi, ẹ má lọ wò ó ní Kérésìmesì tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ. Oṣù Kẹfà tàbí Keje ni kí ẹ lọ, nígbà tí òjò ń rọ̀. Bí ajẹ́ńtì bá ní kí ẹ dúró kí òjò dá ná, ẹ má sanwó fún un.