Ọkọ̀ mi, olówó orí mi

1/ Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe sọ ọkọ ìyá kan di mọ́tò nínú ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń fi Word tẹ Yorùbá.

2/ Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fàmì sórí Yorùbá rí mọ ohun tójú ń rí. Nígbà tí mo wá mọ AutoCorrect, mo yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

3/ Ẹ lọ sí File, Options, Proofing, ẹ tẹ AutoCorrect Options. Ẹ kọ àgékúrú sínú Replace, odidi ọ̀rọ̀ sínú With, ẹ tẹ Add. Ó parí. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ àgékúrú yẹn tẹ́ ẹ fàyè sílẹ̀, Word á pààrọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀.

4/ Lọ́jọ́ kan, mò ń tẹ lẹ́tà àwọn onímọ́tò. Mo ní kí "oko" máa di "ọkọ̀". Mo parí iṣẹ́, mo gbàgbé. Word ò gbàgbé ní tiẹ̀.

5/ Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá kan gbé ọ̀rọ̀ ìdágbére tí wọ́n kọ sí ọkọ wọn wá. Mo tẹ̀ ẹ́ wàrà wàrà, ojú mi wà lára bébà. Nígbà tí mo fẹ́ padà fàmì sí i, mo rí i pé àmì ti wà lórí "ọkọ̀". Mo ní ṣebí iṣẹ́ ti yá nìyẹn. A tẹ ẹ̀dà 100.

6/ Tíṣà Yorùbá ni màmá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ka ìlà àkọ́kọ́: "Ọkọ̀ mi, olówó orí mi." Wọn ò pariwo. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ọkọ mi ni mo fẹ́ sin. Mi ò ní mọ́tò."

7/ Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀bẹ̀. A tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀ mọ́jú. Àpò mi lowó bébà ti jáde.

8/ Kì í ṣe Word ló ṣẹ̀. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àti èyí tí mi ò ní kọ síbí: bẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

9/ Nísinsìnyí, àgékúrú mi kì í jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi. "Okm" ni ọkọ̀, m ti mọ́tò. "Oki" ni ọkọ, i ti ìyàwó. Bí Word bá pààrọ̀ ohun tí mi ò fẹ́, Ctrl+Z lójú ẹsẹ̀.

10/ Ọ̀rọ̀ gígùn ńkọ́? Ẹ yan ìpínrọ̀ náà, ẹ tẹ Alt àti F3 pọ̀, ẹ fún un lórúkọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kọ orúkọ yẹn, ẹ tẹ F3, odidi ìpínrọ̀ á jáde.

11/ Àmọ́ tó bá jẹ́ ìwé ìsìnkú, mo máa ń kà á sókè fún ẹni tó ni ín kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Etí máa ń gbọ́ ohun tójú fò. Ẹ bá mi pín in dọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ Yorùbá.