Ohun tí mo rí nínú fáìlì ẹjọ́ mọ́mì mi

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n já àpò ìwé kan tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà wa ní London. Ó ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ, ọ̀rọ̀ mọ́mì mi ló sì kún inú ẹ̀. Fáìlì ẹjọ́ ni. Bundle ni wọ́n ń pè é níbí.

Làkúrègbé ló mú mọ́mì lọ́wọ́, èyí tó máa ń wú oríkèé. Wọ́n béèrè fún PIP, owó tí ìjọba Britain ń fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó lè dá ṣe nǹkan bó ṣe yẹ. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o ní owó náà ò tọ́ sí wọn. A ní kí wọ́n tún un wò, wọ́n ní bákan náà ni. La bá gbé e lọ sí tribunal.

Póìntì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nǹkan 10 ni wọ́n ń wò nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́: dídáná, wíwẹ̀, wíwọṣọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá ní póìntì 8, wàá gba owó kékeré. 12 ni ti ńlá. Mọ́mì gba 4, méjì fún wíwẹ̀, méjì fún wíwọṣọ. Lórí dídáná, òdo.

Tí irú fáìlì yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látojú ìwé kìíní jàre. Àlàyé ilé-iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀, ó máa kàn bà yín nínú jẹ́ ni. Ẹ wá ìròyìn ẹni tó yẹ̀ yín wò lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń mú ìdáhùn wọn.

Ní tiwa, ojú ìwé 58: ó ní ara òun yá. Ojú ìwé 61: ó ń dáná fún ìdílé rẹ̀.

Mo pariwo. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn! Obìnrin náà kàn kí wọn pé báwo ni, mọ́mì sì ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Kí ni kí wọ́n tún sọ? Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n kí tí kò ní dúpẹ́, kódà kó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù?

Ti dídáná yẹn ló wá le. Mọ́mì sọ ọ́ lóòótọ́.

Mo bi wọ́n pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ dáná gbẹ̀yìn?"

"Àná ńkọ́?"

"Àná, èmi ni mo bó iṣu, èmi ni mo gbé ìkòkò ka iná, èmi náà ni mo sọ̀ ọ́. Orí àga lẹ jókòó sí, tẹ́ ẹ̀ ń ní kí n fi iyọ̀ sí i."

"Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìdáná ni? Ṣé o fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún òyìnbó pé mi ò lè fún ọmọ mi lóúnjẹ mọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti múra láti bínú sí obìnrin tó kọ ìròyìn náà (mo ṣì ń bínú díẹ̀ o), àmọ́ ẹnu wa ni gbólóhùn yẹn ti jáde.

Mo mú ìwé àjákọ kan, mo fa ìlà sí i: nọ́ńbà ojú ìwé, ohun tí wọ́n kọ, bó ṣe rí gan-an. Àwọn tó máa gbọ́ ẹjọ́ ti máa ka fáìlì yẹn kí wọ́n tó rí yín, nọ́ńbà ojú ìwé yìí lẹ máa fi bára yín sọ̀rọ̀. Ojú ìwé 94 ni lẹ́tà dókítà oríkèé wà, ó ní mọ́mì ò lè di ẹ̀ṣẹ́. Lẹ́tà kan tá a ti fi ránṣẹ́ ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, a fi òmíràn ránṣẹ́ sí tribunal fúnra wa.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí òun ló là mí lójú. Nínú òfin PIP ti ọdún 2013, wọn ò ní ka nǹkan kan sí ohun tó o lè ṣe àfi tó o bá lè ṣe é láìsí ewu, kó dáa tó bó ṣe yẹ, kó o lè tún un ṣe nígbàkigbà tó bá yẹ, kó má sì gbà ọ́ ju ìlọ́po méjì àkókò tó ń gba ẹlòmíì. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tó pọ̀ jù ni wọ́n ń wò. Bó o sì ṣe wà nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ ni tribunal máa wò, kì í ṣe bó o ṣe wà lónìí.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, àwọn mẹ́ta ló jókòó: adájọ́, dókítà, àti ẹni tó mọ̀ nípa ìgbé ayé àwọn aláàbọ̀ ara. Dókítà béèrè pé ta ló ń dáná nílé.

Àyà mi já. Mọ́mì wò mí. "Èmi..." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ọwọ́ wọn lórí tábìlì.

"Ọmọ mi ni, sà. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Dókítà rọra ń bi wọ́n léèrè: bíbó pọ̀tétò ńkọ́, gbígbé ìkòkò gbígbóná ńkọ́? Wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn wọn ń lọ sílẹ̀ sí i. Wọ́n ní ká jáde díẹ̀, wọ́n tún pè wá wọlé. Póìntì 4 lórí dídáná. 4 àti 4, 8.

Mọ́mì ò bá mi sọ nǹkan kan nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi.

"O ń bó iṣu yẹn nípọn jù. Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu níbí ni?"