Ọwọ́ Mi Ni Ó Ba Kọ̀ǹpútà Mi Jẹ́, Àbúrò Ìyàwó Mi Ni Mo Lé Jáde

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú fún mi, ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé bí n kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé lè ṣe bí mo ti ṣe.

Olùkọ́ ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àpápá GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí a ń pè ní bọ́ìsì kọ́tà, ni èmi àti ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé ilé ńláńlá àti igi ìbòòji pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo àwọn tirela tí ń lọ sí èbúté Àpápá àti ti Tin Can kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé ibi tí ó wà. Ọ̀nà omi náà ni kọ̀ǹpútà mi gbà wọlé. Tòkunbọ̀ ni, Alábà ni mo sì ti rà á.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní processor, jẹ́ Intel i5-2500K, irú èyí tí ó jáde ní 2011. Lẹ́tà K tí ó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ ni ó kó bá mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe é kò ti ilẹ̀kùn mọ́ eré rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè mú un sáré ju bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ lọ. Aago kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ó ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A ó fi 33 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 3,300 MHz. Bí a bá sọ 33 yẹn di 45, ó di 4,500. Èyí ni wọ́n ń pè ní overclock. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ní 1998 ni àwọn kan ti ń mú Celeron 300A kúrò ní 300 MHz lọ sí 450, inú wọn sì ń dùn pé àwọn fi owó ewúrẹ́ ra màlúù.

Kì í ṣe eré ni mo fẹ́ fi tèmi ṣe. Mo máa ń ya fídíò ìkómọjáde àti ìgbéyàwó ní ọjọ́ Sátidé, kọ̀ǹpútà yìí ni mo sì fi ń tò ó pọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Fídíò kan ṣoṣo ń gba wákàtí mẹ́rin lórí jẹnẹrétọ̀ mi. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, mo wọ inú BIOS, mo kọ 45 síbẹ̀, mo fún ọpọlọ náà ní 1.30 volt kí ó lè ní agbára láti sáré. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, yàrá tutù. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin di wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Mo fọ́nnu fún ìyàwó mi títí ó fi sú u.

Ní ìparí oṣù kẹta 2024, ooru dé. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì. Ojú rẹ̀ á di búlúù, á sì tún ara rẹ̀ tan. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gba ìsinmi, fáìlì tí mo kọ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi 41 sí kọ̀, kò ṣí mọ́.

Àbúrò ìyàwó mi, ọmọ ọdún 18, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó ń dúró de ìdánwò JAMB. Ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà náà bí mo bá ti sùn. Mo pè é.

“Kí ni o fi sínú ẹ̀rọ yìí?”

“Bọ̀ọ̀dá, n kò fi nǹkan kan sí i.”

Mo pè é ní òpùrọ́. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí olóòtú kò ní jẹ́ kí n kọ síhìn-ín. Ọmọ náà di báàgì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ajégúnlẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó wọlé lọ. Òru méjì ni mo fi tún máàkì àwọn ọmọ 41 náà kọ láti inú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó bá mi mú àtùpà.

Ọjọ́ kẹta tí ọmọ náà lọ, kọ̀ǹpútà kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án bí kò ṣe èmi. Àyà mi já.

Síbẹ̀, ẹ wo bí ènìyàn ti rí: ẹlòmíràn ni mo tún ń wá tí n ó dá lẹ́bi. Mo ní iná NEPA ni. Mo yá sìtẹ́bíláísà, ẹ̀rọ náà tún kú. Mo ní kòkòrò ni. Mo nu gbogbo inú rẹ̀, mo fi Windows tuntun sí i, ó tún kú. Mo fi Memtest86 dán ibi ìrántí rẹ̀ wò láti alẹ́ di òwúrọ̀, kò rí àṣìṣe kan. Àkọlé tí ó ń hàn lójú búlúù yẹn ni WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, ìyẹn ni pé àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà fúnra wọn ni wọ́n ń ké. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní. N kò kà á.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí 33, mo sì tan Prime95. Ìṣirò líle ni ó ń fún ọpọlọ náà ṣe, èyí tí òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú, kò ṣi ẹyọ kan. Mo gbé e padà sí 45. Kò tó ìṣẹ́jú méjìlá tí ọ̀kan nínú ẹ̀ka mẹ́rin ọpọlọ náà fi mú ìdáhùn tí kò tọ̀nà wá. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni pé ẹ̀rọ náà kò kú. Ó ṣi ìṣirò ṣe, ó ń bá iṣẹ́ lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ ni ó kọ fáìlì mi sílẹ̀ ní ìkọkúkọ.

Ẹni tí ó bá ti pe àkọtọ́ fún àwọn ọmọdé rí yóò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Bí tíṣà bá ń yára pe ọ̀rọ̀, ọmọ tí kò tíì kọ èyí tán á fò sí èkejì, ìwé rẹ̀ á kún fún ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Bí aago inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá lù, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí kí ó tó lù lẹ́ẹ̀kejì. Ooru a máa fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àìtó volt. Nígbà tí mo wò ó, ooru rẹ̀ ti dé 88, 1.30 tí mo kọ sì ń já sí 1.24 bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo tú u. Eruku ọ̀nà tirela ti dí irin tí ń gba ooru rẹ̀, ìpara tí ó wà láàárín irin náà àti ọpọlọ ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná.

Ǹ bá fi volt kún un. Ṣùgbọ́n iná tí ọpọlọ ń jẹ ń tẹ̀lé eré rẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé volt ní ìlọ́po ara rẹ̀. Láti 3,400 lórí 1.20 dé 4,500 lórí 1.35, iná tí ó ń jẹ yóò lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Epo tí mo ní mo ń fi pamọ́ ń gba ẹ̀yìn jáde. Ní 2024 yẹn kan náà ni Intel jẹ́wọ́ pé volt tí ó pọ̀ jù ń ba àwọn ọpọlọ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá wọn jẹ́. Wọ́n fi ọdún méjì kún àkókò tí wọ́n fi dúró fún un, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí wọ́n ṣe kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́ sàn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò sí nígbà ayé wọn.

Mo gbọn eruku, mo fi ìpara tuntun sí i, mo wá ń gun un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òru kan fún ìdánwò kan: 40 yege, 41 yege, 42 yege, 43 ṣubú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo dá a padà sí 33. Máàkì ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sunday, mo lọ sí Ajégúnlẹ̀. Àna mi obìnrin ń ta ẹja ní ọjà Boundary, láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni mo sì ti ń yí gba ibòmíràn kí ó má baà rí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Ó ń wò mí.

“Tíṣà, kí lẹ ṣe? Ọmọ yìí ní òun kàn wá kí mi ni.”

Kò rojọ́ mi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó jáde sí wa, mo sọ òótọ́ fún un lójú ìyá rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, mélòó lẹ gbé e sí?”

“45.”

“Nínú ooru yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò bá mi padà lọ́jọ́ náà. Ó ti wọ yunifásítì báyìí. Bí ó bá wá kí wa ní àkókò ìsinmi, ó máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà. Tẹ́lẹ̀ rí, kì í tọrọ.