Ẹ̀rọ Gáàsì Ọ̀gá Mi

Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wálé sí Ìlá Ọ̀ràngún lọ́jọ́ ọdún, ló bá bi mí lójú gbogbo ẹbí pé, "Ìyá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń di ọmọdé mú lórí àga láyé ìgbà tiyín, kí ẹ tó yọ eyín wọn?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òótọ́ ni, mo sì ní kó máa jẹ iyán rẹ̀. Ìdáhùn tó kù rèé, nítorí bí àgbà kò bá ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni yóò bá a rò ó.

Tẹ́rápíìsì eyín ni mí, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Nọ́ọ̀sì" ni gbogbo ayé ń pè mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1955 ni mo lọ, kí wọ́n tó kó o lọ sí Enugu. A kọ́ eyín fífọ̀, eyín dídí, eyín ọmọdé yíyọ, àti abẹ́rẹ́ tó ń pa ẹnu kú. Ní ti ẹ̀rù tó máa ń ba aláìsàn, wọ́n kàn fẹnu bà á kọjá ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ ọ.

N kò ní dárúkọ ọ̀gá mi, nítorí kò fẹ́ ariwo láyé rẹ̀. N kò sì ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò dáa létí. Ìlú Òyìnbó ni ọ̀gá mi ti kàwé, nígbà tí gáàsì tí aláìsàn ń fà símú kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ṣì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà eyín níbẹ̀. Èèyàn kúkúrú ni, kì í gbóhùn sókè. Bí aláìsàn bá wọlé, kì í kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò. Ẹni tó bá gbá apá àga mú tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ní ẹni yẹn kò tíì ṣe tán, kí a má tíì gbé nǹkan kan síta. Síríǹjì kì í hàn sí aláìsàn rárá lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn àga ni mo ti ń nà án sí i, abẹ́ àgbọ̀n ló máa ń gbà dé ẹnu.

Ẹ̀rọ gáàsì náà dúró lọ́wọ́ òsì àga. Sílíńdà búlúù ni ti gáàsì. Dúdú tí ọrùn rẹ̀ funfun ni ti ọ́síjìn. Rọ́bà dúdú ni ìbòmú rẹ̀, ó ń rùn bíi táyà tuntun, nítorí náà èèpo ọsàn ni mo máa ń fi nù ún bó bá jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ lò ó. Àpò kan wà lára rẹ̀ tó ń wú, tó ń rọ̀, bí aláìsàn ti ń mí. Ojú ọ̀gá mi kì í kúrò lára àpò yẹn. "Oorun kọ́ là ń wá," ni yóò wí, "ìfọ̀kànbalẹ̀ ni." Á ṣí gáàsì díẹ̀díẹ̀, á máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀ oko tàbí ọ̀rọ̀ ọjà, títí tí ẹni náà yóò fi ní ara òun ti fúyẹ́. Ìgbà yẹn ni yóò tó na ọwọ́ sẹ́yìn sí mi. Bí eyín bá ti jáde, ọ́síjìn nìkan ni yóò máa fún un, ẹni náà á sì máa bi wá pé ìgbà wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Òun ló sọ ìtàn Horace Wells fún mi, dókítà eyín ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 1844, Wells lọ wo eré tí Gardner Colton ń fi gáàsì yìí ṣe fún àwọn tó sanwó wọlé. Ó rí ọkùnrin kan, Samuel Cooley, tó fa gáàsì náà símú, tó ṣe ara rẹ̀ léṣe lẹ́sẹ̀, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ kejì, Wells fúnra rẹ̀ fà á símú, ó ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, John Riggs, yọ eyín òun. Kò mọ ìrora kankan. Ní 1845 ó lọ fi í han àwọn èèyàn ní Boston. Aláìsàn ké, wọ́n sì hó lé Wells lórí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, William Morton, tó ti bá Wells ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, fi oògùn mìíràn, ether, ṣe tirẹ̀ ní Boston yẹn kan náà, ayé sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àtìmọ́lé ní New York ni Wells ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1848. Ọ̀gá mi kì í parí ìtàn yìí láìsọ pé ẹni tó bá ń bá ni lé ẹ̀rù lọ, ayé kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ mọ́ ọn lára. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, sílíńdà di ọ̀wọ́n gógó. Tíátà iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà á fún. Wọ́n ní eyín kì í pa èèyàn. Irọ́ ni. Mo ti rí ẹni tí ìwú eyín sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀fun rẹ̀ tí kò lè mí mọ́, torí pé ó bẹ̀rù àga wa tipẹ́tipẹ́. Ọ̀gá mi kọ̀wé, wọn kò fèsì. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì. Mo ti ìsinmi dé lọ́jọ́ kan, mo bá àyè ẹ̀rọ náà lófìfo. Wọ́n ti tú u, wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn. Ìbòmú rẹ̀ nìkan ni mo rí, nínú páálí kan lẹ́yìnkùlé. Mo mú un, ni akọ̀wé kan bá ní ohun ìní ìjọba ni, kí n dá a padà. Odidi ẹ̀rọ lọ, ẹnikẹ́ni kò bi ara wọn. Rọ́bà ló wá di ti ìjọba!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò gba àròyé. Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n pín àwa òṣìṣẹ́, mo sì bá ara mi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà nítòsí ilé. Ìyanṣẹ́lódì dé, ó lọ, ó tún dé. Ohun tó kù lọ́wọ́ wa ni abẹ́rẹ́ lignocaine tó ń pa ẹnu kú, tí àwọn ará Sweden ṣe ní 1943, àti Valium, oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ tó ti wà lọ́jà láti 1963. Dókítà á kọ Valium pé kí aláìsàn lò ó lálẹ́, kó tún lò ó ní wákàtí kan kó tó wá. Níbòmíràn, èyí rọrùn. Ìlá là ń wí yìí o, ìlú ẹmu.

Adẹ́mu kan wá lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bó ṣe jókòó sórí àga wa, òógùn bò ó. Mo gbóòórùn nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ẹmu láàárọ̀ yìí?"

"Nọ́ọ̀sì, igbá kan péré ni, kí àyà mi lè gbà á."

"Oògùn tí a fún yín ńkọ́?"

"Ẹmu yẹn náà ni mo fi gbé e mì."

Dókítà wa, ọmọdé ni, ti na ọwọ́ sẹ́yìn. Mo di síríǹjì mú, n kò fún un. Ẹmu àti Valium, bí wọ́n bá pàdé lára èèyàn, wọ́n lè jọ pa èémí rẹ̀. A tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í, mo ń wo àyà rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò, títí oorun fi dá lójú rẹ̀. Nígbà tó padà wá, kò mu ẹmu, kò lo oògùn. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀pẹ tí ẹmu rẹ̀ máa dùn. Àlàyé náà ló ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹnu rẹ̀ fi kú, tí eyín sì jáde. Ó gbé adìẹ wá dúpẹ́. Ọ́fíìsì dókítà ni wọ́n gbé adìẹ náà gbà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ìyá kan á ti Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà gun ọ̀kadà wá, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wú, ibà á ti mú un, kò ní lè jẹun. Gáàsì kò sí. Ẹni tí yóò fún un ní ketamine kó lè sùn kò sí. Ilé-Ifẹ̀ jìnnà, owó ọkọ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ìyá. Mo máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ọmọ náà, màá fi irinṣẹ́ hàn án, màá jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Bó bá gbà, ó parí. Bí kò bá gbà, ìyá á jókòó kọjú sí mi, orúnkún á kan orúnkún, ọmọ á fẹ̀yìn lélẹ̀ sáàárín wa, orí rẹ̀ á wà lórí ẹsẹ̀ mi, ìyá á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ á ké, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ á jẹ ẹ̀kọ. Ọmọ ọmọ mi ní irú wọn ló ń dàgbà di ẹni tó ń sá fún dókítà eyín, pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìwú eyín bá pa kò ní dàgbà débi tí yóò ti sá fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ọmọ mi ní wọ́n ń kọ́ wọn ní oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ midazolam báyìí, pé oògùn flumazenil wà tó lè já a bó bá pọ̀ jù. Ó ní ẹ̀rọ gáàsì òde òní kò ní gbà kí ọ́síjìn dín ní 30 nínú 100, pé Ìlú Òyìnbó fúnra wọn ti ní láti òpin 2001, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti lè fi oorun kun èèyàn torí eyín. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Oorun ni wọ́n lé lọ o, wọn kò lé ìfọ̀kànbalẹ̀, ọ̀gá mi sì ti mọ ìyàtọ̀ yẹn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ ọ. Àwọn ilé ìtọ́jú eyín aládàáni kan ní Èkó ti ń polówó gáàsì fún olówó bí ohun tuntun. Èmi ti fi èèpo ọsàn nu ìbòmú rẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ ọmọ mi ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Kó lọ yípo ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀ṣun, kó wo èyí tó ní sílíńdà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga eyín, kó kọ ọ́ bó bá ṣe bá a. Ẹni tó bá sọ fún un níbẹ̀ pé owó gáàsì pọ̀ jù, òun ni kó bi ní ìbéèrè ọmọdé tí wọ́n dì mú.