Òòyì Ojú Òkun: Ohun Tó Yẹ Kí Àgbàlagbà Mọ̀ Kó Tó Wọkọ̀ Ní Southampton

Àwọn ọmọ wa kan tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ dàṣà pé bí bàbá tàbí ìyá wọn bá wá kí wọn, wọ́n á sanwó ọkọ̀ òkun ńlá fún wọn, kí wọ́n lè lọ gba atẹ́gùn sára fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìrìn-àjò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn àgbàlagbà mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní orúnkún ń dun àwọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ tètè padà sí Nàìjíríà. Bẹ́ ẹ bá wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, òòyì àti èébì ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tí mọ́tò Ìbàdàn sí Ìlọrin ń kọ́ lóòyì, báwo ló ṣe fẹ́ sùn sórí omi fún ọjọ́ méje? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a fi ń rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe rí pẹ̀lú màmá mi nìyẹn lọ́dún 2023. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ló sanwó ọkọ̀ tí yóò gbéra ní Southampton lóṣù kẹfà, tí yóò lọ sí Lisbon, olú ìlú Potogí, tí yóò sì padà. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń kán oògùn glaucoma sójú. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó gba owó ẹ̀ padà."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mi ò lè máa bì níwájú àwọn òyìnbó. Ojú á tì mí."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi dókítà. Bó bá ní kẹ́ ẹ má lọ, a ò ní lọ." Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tá a gbọ́, tá a ṣe, tá a sì rí lójú ọ̀nà ni mo kọ síbí, nítorí ó dá mi lójú pé ìyá tèmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra.

Kí ló ń fà á?

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, àwọn ihò tín-ín-rín kan wà tí omi wà nínú wọn. Àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ bóyá à ń mì, à ń yí tàbí a dúró sójú kan. Bí èèyàn bá jókòó sínú yàrá ọkọ̀, ojú rẹ̀ á rí ògiri àti tábìlì tí kò mira, etí á sì máa sọ pé ara ń lọ sókè sódò. Ọpọlọ kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́ nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni òòyì, òógùn tútù, itọ́ tó ń kún ẹnu àti èébì ti ń wá. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìsàn burúkú. Horatio Nelson tó jẹ́ ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jìyà rẹ̀ jálẹ̀ ayé rẹ̀. Charles Darwin náà bì lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọkọ̀ Beagle, láti 1831 títí di 1836.

Èyí tó máa mú inú àwọn àgbàlagbà dùn ni pé òòyì yìí kì í sábà mú wọn tó bó ṣe ń mú ọmọdé. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún méjì sí méjìlá ló máa ń mú jù. Ó sì máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nítorí náà, ẹni tí òòyì mọ́tò ń kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé lè rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí.

Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó ra oògùn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ gidi. Oògùn òòyì pọ̀ nílé ìtajà oògùn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dáa fún àgbàlagbà. Hyoscine wà, ó ní èyí tí wọ́n ń gbé mì, ó sì ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lágbára, àmọ́ ó lè ṣèpalára fún ẹni tó ní irú àrùn glaucoma kan, ó lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá tí prostate rẹ̀ ti wú, ó sì lè mú kí arúgbó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, torí bó bá fi ọwọ́ náà nu ojú, ìríran rẹ̀ lè ṣú. Cinnarizine náà wà, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹni tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Promethazine máa ń kun èèyàn lóorun gan-an, arúgbó tí oorun ń kùn sì lè ṣubú nínú ọkọ̀ tó ń mì.

A kó gbogbo oògùn Màmá sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí wọ́n ń kán sójú, a gbé e lọ bá dókítà. Ó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mú oògùn òòyì kan, ó sì kọ ìwọ̀n tí wọ́n máa lò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí èyí tó bá ara wọn mu lè má bá tiyín mu. Ó tún sọ ohun pàtàkì kan: kí òòyì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lo oògùn rẹ̀. Bí èébì bá ti dé, oògùn tí wọ́n gbé mì á bá a jáde.

Ìwé àti yàrá

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Potogí, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí òun náà ni yóò fi padà wọ Southampton. Ẹ ra ìwé adójútòfò tó máa sanwó ìtọ́jú lójú òkun. Dókítà wà nínú àwọn ọkọ̀ ńlá wọ̀nyí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní ti yàrá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó wà lókè téńté tàn yín. Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Ó dà bí igi tí ọmọ méjì ń gùn sókè sódò, ẹni tó bá jókòó sí àárín kò ní mọ̀ ọ́n lára bíi tàwọn tó wà létí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òkun náà rí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìrìn kékeré dán an wò

Láti Southampton, ọkọ̀ ń gbé èèyàn lọ sí East Cowes ní erékùṣù Isle of Wight. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan ni. Ọjọ́ Sátidé kan tí atẹ́gùn ń fẹ́ la mú Màmá lọ. Wọ́n di irin etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń wo omi. Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó tán nìyẹn?" Omi ibẹ̀ kò le tó ti agbami, torí erékùṣù náà bò ó láàbò, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí pé òòyì ò ní mú èèyàn níwájú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n mọ bí ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ̀rù náà sì fúyẹ́.

Southampton kì í ṣe ìlú àjèjì sí Yorùbá. Ọkọ̀ Aureol ti iléeṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Àpápá lọ sí Liverpool. Lọ́dún 1972, wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ wá sí Southampton, lọ́dún 1974 ó sì jáwọ́, torí bàálù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan wọ ọkọ̀ náà lọ́dún 1961. Òun ló sọ fún Màmá lórí fóònù pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lòun fi dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹrin lòun ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n bí sórí omi. Òótọ́ ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọpọlọ ọ̀pọ̀ èèyàn á ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tá a dé Biscay

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la gbéra. Omi dákẹ́ rọ́rọ́ bá a ṣe ń kọjá létí Isle of Wight, Màmá sì jẹun dáadáa. Ọjọ́ kejì la bọ́ sí Biscay, agbami tó wà láàárín ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé àti àríwá Sípéènì. Ibẹ̀ ni gbogbo awakọ̀ òkun ń bọ̀wọ̀ fún. Ìgbì ń ti Àtìláńtíìkì wá láìsí ohun tó dá a dúró, ilẹ̀ abẹ́ omi sì já wálẹ̀ lójijì láti nǹkan bíi mítà 200 sí ohun tó ju mítà 4,000 lọ. Ìgbà òtútù ló ń le jù níbẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn sàn púpọ̀. Ọkọ̀ ńlá tún ní apá méjì lábẹ́ omi, bí apá ẹja, tó ń dín mímì sọ́tùn-ún sósì kù. Èyí tí kò lè dá dúró tán ni kí imú ọkọ̀ máa lọ sókè, kó máa wá sílẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ojú Màmá yí padà. Wọ́n bì lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá, kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. A mú wọn lọ síta, ní àárín ọkọ̀, a ní kí wọ́n máa wo ọ̀ọ́kán níbi tí ojú ọ̀run ti pàdé òkun, torí ohun tí ojú rí níbẹ̀ bá èyí tí etí ń sọ mu. A fún wọn ní bisikíìtì tí kò dùn, àpù tútù àti omi ata ilẹ̀ tá a gbé láti ilé, díẹ̀díẹ̀. A ò jẹ́ kí wọ́n ka Bíbélì wọn lákòókò náà, torí ìwé kíkà ń dá kún òòyì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n lò láàárọ̀ ńkọ́, ṣé ó ti bá èébì jáde? A ò fún wọn ní òmíràn. A bi nọ́ọ̀sì ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n dúró di àsìkò tí wọ́n máa lo èyí tó kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ lò lẹ́ẹ̀mejì láìbéèrè. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tí kò sì lè jẹun, gbọ́dọ̀ rí dókítà ọkọ̀ kíákíá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá béèrè ìrẹsì. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, ọkọ̀ wa wọ odò Tejo, ó gba abẹ́ afárá pupa gígùn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1966. Màmá dúró níta, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn ará Lisbon. Mo sọ fún wọn pé àwọn Potogí ló fún Èkó wa ní orúkọ Lagos, àti pé ìlú kan ń jẹ́ Lagos ní gúúsù Potogí títí dòní. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ilẹ̀ tún ń mì. Ẹ má fòyà bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ tó ti mọ́ lára òkun ló ń wá ilẹ̀, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré

Bí ẹ bá mú ọmọ dání, ẹ má fún un ní oògùn àgbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ lo promethazine rárá. Ẹ gbé e síta, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa wo ọ̀ọ́kán. Bó bá ń bì, ẹ máa fi ṣíbí fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nílé oògùn, kí omi ara rẹ̀ má bàa tán. Kí tọmọdé tàgbà máa fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, nítorí èébì tó bá wá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru lè má jẹ́ òòyì rárá, ó lè jẹ́ àrùn tó ń ràn nínú ọkọ̀. Ẹ tètè sọ fún dókítà.

Ẹ̀yin ọmọ, bí òbí yín bá ní àwọn ò lọ mọ́, ẹ má bínú, ẹ má sì fi owó tẹ́ ẹ ti san halẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an. Ẹ̀yin àgbà wa náà, ẹ má fi orúnkún bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ kó oògùn yín sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ bá dókítà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Bó bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ lọ o.